Kò Sí Èédú Nínú Eérú

Minabe, ọjọ́ keje oṣù kẹwàá

Michiru ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí òkè níbí, ṣùgbọ́n ọ̀sán ṣì ń móoru. Mo gbọ́ pé ewé ti ń já ní Jámánì lọ́hùn-ún. Máa wọ aṣọ tó nípọn. Ìyá rẹ ni ìbá sọ èyí fún ọ. Èmi ni mo wá ń sọ ọ́ báyìí.

Lánàá ló pé ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta tí ìyá rẹ ti lọ. A gbé e wọ ibojì ẹbí wa lẹ́yìn tẹ́ńpìlì. Òjò ò rọ̀. Àǹtí rẹ Hatsue ti Tanabe wá, ó se ìrẹsì aláwọ̀ pupa tí ìyá rẹ fẹ́ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sè é níbi òkú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ni ikùn, ẹ̀gbọ́n òun ló mọ ohun tó fẹ́.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Ìkòkò ńlá tí a kó eegun rẹ̀ tó kù lẹ́yìn iná sí wà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìkòkò kékeré, èyí tí a fi eegun ọ̀fun rẹ̀ sí, tí àlùfáà fẹ́ gbé lọ sí tẹ́ńpìlì àgbà, nígbà tó ṣí ọmọrí rẹ̀, òwú ló bá níbẹ̀. Òwú funfun tí wọ́n ká róbótó. Kò sí eegun.

Àlùfáà wò mí, mo wo àlùfáà. Àwọn èèyàn dúró lẹ́yìn wa, tùràrí ń jó lọ́wọ́ wọn.

Ó rọra ní, "Bàbá Michiru, bóyá ẹ gbàgbé rẹ̀ sílé."

Bí èèyàn ṣe ń gbàgbé agbòjò ló ṣe sọ ọ́.

Mo ti wá gbogbo ilé. Mo ká ẹní ilẹ̀ nínú yàrá tí pẹpẹ wà, mo fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ pákó. Mo lọ dúró lẹ́yìn ilé aládùúgbò wa, mò ń wo ẹnu ológbò wọn. Ronú bàbá rẹ, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó ń wo ẹnu ológbò bóyá ìyá rẹ wà níbẹ̀. Mo kó ara mi nírìíra.

Lẹ́yìn náà mo ṣe ohun tí kò dára. Hatsue ló nu pẹpẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá bi í bóyá ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó sọ àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ gbọ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni mo fẹ́ fi eegun ẹ̀gbọ́n mi ṣe? Ṣé kí n fi se ọbẹ̀?"

Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ti sọ ọ́. Láti ogójì ọdún ni mo ti rò pé ojú yín ni èéfín ààrò èédú yín bà jẹ́. Àṣé ọpọlọ ni."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ padà sí Tanabe láìjẹun. Ìrẹsì rẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìwọ lo jókòó ti pẹpẹ gbẹ̀yìn, láàárọ̀ ọjọ́ tó o fẹ́ padà. Ǹjẹ́ o ṣí ìkòkò náà wò? Ǹjẹ́ eegun náà wà níbẹ̀ nígbà náà? Tètè fèsì, jọ̀ọ́. Àlùfáà ní òun lè dúró, ṣùgbọ́n ó ní kí n má jẹ́ kí ó pẹ́. Fi fọ́tò tó o yà fún ìyá rẹ ní ìgbà ìkórè èso ume ránṣẹ́ pẹ̀lú. Èyí tó wà lórí pẹpẹ kò jọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Kiyomatsu


Mainz, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bẹ Àǹtí Hatsue lónìí, kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí tán. Wọn ò mú nǹkan kan. Èmi ni.

Mo mú un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ẹ ń kó ẹrù mi sínú mọ́tò. Mo fi òwú sí ipò rẹ̀ kí ìkòkò má baà ṣófo. Mi ò ní irọ́ tí mo fẹ́ pa. Mo fi áńkáṣíìfù Màámi wé e, mo fi sínú àpò aṣọ mi, mo di àpò náà mú títí bàálù fi gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí a sun Màámi, nígbà tí wọ́n fa pẹpẹ irin yẹn jáde tí wọ́n kó igi ìjẹun gígùn fún wa láti fi ṣa eegun, ó ti mọ́ ẹ̀yin lára. Kò mọ́ èmi lára. Ọkùnrin ilé ìsunkú yẹn wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó ń nàka bí ẹni tó ń ta ẹja: "Ẹ wo itan, ó dúró dáadáa. Ẹ wo eyín." Ẹnì kan nínú ẹbí tiẹ̀ ní ibi tó ní àwọ̀ pupa yẹn, oògùn ilé ìwòsàn ló fà á. Màámi ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀ o. Èmi àti ẹ̀yin jọ fi igi di eegun kan ṣoṣo mú, ó dún ṣáṣá bí a ṣe gbé e sínú ìkòkò. Láti ọjọ́ náà mi ò lè fi igi méjì jẹun mọ́. Ṣíbí ni mò ń lò, bí ọmọdé.

Mi ò fẹ́ kí Màámi wà bẹ́ẹ̀, ní fífọ́, nínú ìkòkò, nínú òkùnkùn. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní tòsí ibi tí mò ń gbé, wọ́n ń sọ eérú òkú di dáyámọ́ńdì. Mo ti gbé eegun náà fún wọn.

Ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Èédú yín, dúdú inú pẹ́ńsù ìkọ̀wé, àti dáyámọ́ńdì, ohun kan náà ni wọ́n. Kábọ́ọ̀nù ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní wóró-wóró tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò lè rí i, wóró kọ̀ọ̀kan sì ní ọwọ́ mẹ́rin. Bí méjì nínú wọn bá di ara wọn mú, kì í ṣe pé ọ̀kan fún èkejì ní nǹkan tàbí pé ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló mú tiwọn wá sáàárín, wọ́n sì jọ ní in. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti yà wọ́n.

Nínú pẹ́ńsù, wóró kan di mẹ́ta mú, gbogbo wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ẹní lórí ẹní. Ọwọ́ kẹrin kò di ẹnì kan mú gírí, nítorí náà ẹní òkè ń yọ̀ lórí ti ìsàlẹ̀, òun ni ẹ ń rí lórí ìwé. Èédú rí bí ẹní tó ti ya tó sì ti ká jọ rúdurùdu. Ṣùgbọ́n nínú dáyámọ́ńdì, gbogbo ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di ẹlòmíràn mú, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí èyí tó lè yọ̀. Kò sí ohun tó le tó o.

Bí mo ṣe fẹ́ kí Màámi wà nìyẹn, Bàbá. Mo fẹ́ kí wọ́n wà ní ìdìmú tí ohunkóhun ò lè tú.

Òkúta náà máa ṣetán ní oṣù kẹta, màá fi ṣe òrùka. Mo yan àwọ̀ búlúù díẹ̀, nítorí aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ ká ume. Mo fi ìwé pélébé ilé-iṣẹ́ náà sínú lẹ́tà yìí, fọ́tò tí ẹ béèrè náà wà níbẹ̀. Ẹ dárí jì mí pé mo mú un láìsọ fún yín. Pé mo mú un, mi ò kábàámọ̀.

Ọmọ yín,
Michiru


Minabe, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá

Michiru,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo jáde lọ tutọ́.

Mo ti lọ sí Tanabe. Mo gbé àpótí èédú méjì dání, mo foríbalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Hatsue bí ẹni tó jalè. Ó jẹ́ kí n wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un.

"Michiru ló mú un?" ó ní. "Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní òrùka.

Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni."

Mo wo ìwé pélébé tó o fi ránṣẹ́. Obìnrin kan wà lójú ewé kìn-ín-ní tó ń fi ẹnu kan òrùka, ó dijú bí ẹni tó ń tọ́ oyin lá. Wọ́n to àwọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, pupa, búlúù, yẹ́lò, bí ìgbà tí èèyàn ń yan àwọ̀ táìsì balùwẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀. Ajá kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní tí ajá ẹni bá kú, àwọn lè fi òun náà ṣe é. Ìyá rẹ àti ajá, ojú ewé kan ló yà wọ́n. Mo bo ìwé náà mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ajá yẹn títí tí mo fi sọ ọ́ sínú iná.

Ìwọ náà ronú rẹ̀ dé òpin. O máa wọ̀ ọ́ sí ọwọ́. Ọwọ́ yẹn lo fi ń fọ abọ́, ọwọ́ yẹn lo fi ń nu ìdí. O máa bọ́ ìyá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi nígbà tó o bá fẹ́ wẹ̀. Ẹnìkan lẹ́nu iṣẹ́ máa sọ pé, "Háà, òkúta yìí dára," o máa dúpẹ́. Ara mi bù máṣọ bí mo ṣe ń kọ ọ́.

O ní ọkùnrin ilé ìsunkú yẹn ń sọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́ja. Èmi náà gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Ó tù mí nínú. Fún oṣù mẹ́fà tí àìsàn fi jẹ ìyá rẹ, àwọn dókítà ń sọ ohun tó bàjẹ́ nínú ara rẹ̀ fún mi. Ọkùnrin yẹn nìkan ló sọ ohun tó ṣì dára. Nígbà tó dé orí eegun ọ̀fun, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Ẹ wò ó, ó jókòó bíi Búdà, kò kán níbì kankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn, tiwọn máa ń fọ́." Mo rí i. Ó jókòó lóòótọ́, ó káwọ́ sórí itan. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri lò ń wò.

Mi ò ní kí o tún ṣàlàyé ọwọ́ mẹ́rin fún mi. Ó yé mi. Lọ gba eegun náà kí wọ́n tó fi ọwọ́ kàn án.

Bàbá rẹ


Mainz, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ ṣeun tí ẹ lọ rí Àǹtí Hatsue.

Mi ò ní gbà á padà. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tí kò bá tiẹ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní gbà á.

Ẹ kọ̀wé pé ohun tí mo ṣe kó yín nírìíra. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí èmi náà béèrè ohun tí mo ti gbé mì láti oṣù kẹjọ. Níbo lẹ wà nígbà tí Màámi ń kú? Èmi wà nínú bàálù lókè Rọ́ṣíà, mò ń wo àwòrán bàálù kékeré tó ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n bí ìgbín. Àǹtí Hatsue nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀yin wà níwájú ààrò. Ọjọ́ kíkó èédú jáde ni. Nọ́ọ̀sì pè yín lẹ́ẹ̀mejì, Àǹtí ló sọ fún mi.

Mo mọ̀ pé èédú tó ti gba atẹ́gùn kò ṣeé fi sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló tọ́ mi. Gbogbo ayẹyẹ ilé ìwé mi, èédú ò ṣeé fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ń lọ sí òkè òkun, èédú ò ṣeé fi sílẹ̀. Màámi ló ń dúró sí ẹnu géètì tí wọ́n ń juwọ́ dípò ẹni méjì.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ohun kan dì wọ́n mú. Èmi àti ẹ̀yin ò sí níbẹ̀.

Michiru


Mainz, ogúnjọ́ oṣù kejìlá

Bàbá,

Ẹ ò dá mi lóhùn. Mo pe tẹlifóònù ilé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbé e. Àǹtí Hatsue ní àlàáfíà lẹ wà, ẹ ń gé igi, ẹ ti rù díẹ̀. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tìrẹ àti bàbá rẹ, mi ò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀sùn kàn mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó."

Mo kọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ kọ. Ẹ kọ ìlà kan péré sí mi. Ẹ tiẹ̀ bú mi.

Ume oníyọ̀ tí Màámi máa ń fi ránṣẹ́ ní ìparí ọdún, mo ṣì ń wo àpótí lẹ́tà fún un. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fi ránṣẹ́. Mò ń wò ó ṣá ni.

Michiru


Minabe, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìn-ín-ní

Michiru ọmọ mi,

Ọdún ti yí. Yìnyín kan bọ́ sórí òkè ní ọjọ́ kẹta, kò tó wákàtí kan tó fi yọ́.

Ọ̀rọ̀ tó o kọ nípa nọ́ọ̀sì, òtítọ́ ni. Mo fi lẹ́tà yẹn sábẹ́ pẹpẹ nítorí mi ò lè kà á lẹ́ẹ̀kejì. Màá dá ọ lóhùn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Lónìí mo ní ìbéèrè.

Ọdún mẹ́sàn-án péré ni mo lò nílé ìwé, ṣùgbọ́n ohun tó o kọ nípa ọwọ́ mẹ́rin, láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti ń rí i láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá lu èédú rere méjì pọ̀, ó ń dún bí irin, kì í sì í kun ọwọ́. Èyí tí a kánjú sí máa ń dún gbọ̀, a sì máa kun àtẹ́lẹwọ́ dúdú. Ìdìmú ló yàtọ̀. Mo gbà.

Eérú ni kò yé mi.

Ìwọ náà mọ bí ààrò ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí a bá fi amọ̀ pa ẹnu rẹ̀, igi ò rí afẹ́fẹ́, ó di èédú. Níkẹyìn a ṣí i díẹ̀díẹ̀, èédú pọ́n bí wúrà, a fà á jáde, a fi yanrìn àti eérú tútù bò ó. Tí a bá pẹ́ jù kí a tó fà á jáde, gbogbo èédú á gba ihò èéfín lọ. Eérú ló máa kù. Eérú yẹn ni mo fi ń pa iná èédú ọjọ́ kejì, nítorí kò lè jó mọ́. Kò sí èédú kankan nínú rẹ̀. Ọmọdé tó bá gbé nílé wa mọ̀ ọ́n.

Ilé tí a ti sun ìyá rẹ, atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́ sínú iná níbẹ̀. Mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà. Eegun tí èmi àti ìwọ gbé, funfun bí ìyẹ̀fun ìrẹsì ni. Kí ni ilé-iṣẹ́ Jámánì yẹn rí nínú rẹ̀ tó fẹ́ fi ṣe dáyámọ́ńdì?

Mo kọ́kọ́ rò pé àìmọ̀wé mi ni. Nítorí náà mo gbìyànjú rẹ̀ wò. Ọdẹ ìsàlẹ̀ odò fún mi ní eegun ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín méjì. Mo fi ọ̀kan sínú ìkòkò, mo fi amọ̀ lẹ ẹ́ pa, mo tì í sínú ààrò. Mo sun èkejì ní gbangba ní ẹnu ààrò níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ti inú ìkòkò di dúdú bíi táyà. Ti ìta di funfun. Mo di méjèèjì sínú ìwé, wọ́n wà nínú àpòòwé yìí. Mo fi dúdú fa ìlà kan sísàlẹ̀ ojú ewé. Mo fi funfun fa òmíràn sí abẹ́ rẹ̀. Bóyá ìwọ lè rí ìkejì. Èmi ò rí i.

Ìwọ lo kàwé. Sọ fún mi pé mo ṣìnà. Tí mi ò bá ṣìnà, ta ni wọ́n fẹ́ fi sí ọ lọ́wọ́?

Mo fi ume díẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ìyá rẹ ló rẹ ẹ́ sínú iyọ̀ ní oṣù kẹfà. Ìkòkò kan ló kù.

Bàbá rẹ,
Kiyomatsu


Mainz, ọjọ́ kejì oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ò ṣìnà.

Mo ṣí lẹ́tà yín lórí àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́. Mo mú eegun méjèèjì dání, mo jókòó síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yà fún mi bí wọ́n ṣe ń gòkè. Ẹ gbọ́ ohun tó ń kó mi nírìíra jù. Ní oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ tí mo kọ lẹ́tà burúkú yẹn sí yín, mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iná. Mo yà á sójú pátákó: nínú iná tó ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀, kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan á fi ọwọ́ méjì di ọ́síjìn kan mú, á fi ọwọ́ méjì di òmíràn mú, á sì fò lọ. Kò ní kù sílẹ̀. Mo béèrè bóyá ó yé wọn. Mo nu pátákó. Mo lọ sílé lọ máa retí òkúta mi.

Mo lọ sí ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó gbà mí lálejò wọ kóòtù tó mọ́, ó ń rùn fún lọ́fínńdà.

"Màdáámù, ìyá yín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́," ó ní.

Mo ní, "Kábọ́ọ̀nù mélòó lẹ rí nínú wọn?"

"Ó tó."

"Ó tó kí ni?"

"Ẹ wò ó, àwọn oníbàárà wa kì í béèrè irú èyí."

"Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ."

Ó wá ní, "Nígbà míràn a máa ń fi díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́."

Mo ní kí ó fi díẹ̀ náà hàn mí. Kò fẹ́. Mo ní mi ò ní kúrò níbẹ̀, mo sì jókòó sórí tábìlì rẹ̀. Ó mú mi wọ yàrá ẹ̀yìn. Àpò ńlá kan ló wà nílẹ̀, lẹ́búlẹ́bú dúdú ló kún inú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsù, orúkọ ibi tí wọ́n ti wà á jáde nínú ilẹ̀ wà lára àpò. Ṣíbí ńlá dúró sínú rẹ̀. Ife kọfí ẹnì kan wà lórí etí àpò náà. Inú àpò yẹn ni gbogbo òkúta wọn ti ń wá, Bàbá. Ìyá gbogbo èèyàn, bàbá gbogbo èèyàn, inú àpò kan.

Mo ní, "Màámi dà?"

Wọ́n kó àwọn ike onídèérí sórí pẹpẹ, irú èyí tí a fi ń kó oúnjẹ tó ṣẹ́kù sí, nọ́ńbà wà lára wọn. Ó ń wá nọ́ńbà wa. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Ike tó wà lórí rẹ̀, Bruno ni wọ́n kọ sí i, wọ́n ya àtẹ́lẹsẹ̀ ajá sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà.

Mo bì sí àgbàlá wọn. Ọkùnrin náà gbé omi wá, ó ní òun á fún mi ní òkúta búlúù kan lọ́fẹ̀ẹ́, kí n ṣáà má sọ̀rọ̀ káàkiri. Mo ní kí ó fi sí ìka ara rẹ̀.

Mo ti gba Màámi. Mo gbé wọn mọ́ àyà nínú ọkọ̀ ojú irin títí délé. Ṣùgbọ́n Bàbá, ilé-iṣẹ́ náà ti lọ̀ wọ́n. Wọn ò jókòó mọ́. Lẹ́búlẹ́bú ni, kò kún ṣíbí ọbẹ̀ méjì. Mo ti yọ wọ́n kúrò nínú ike yẹn, mo fi wọ́n sínú ìgò ume tí ẹ fi ránṣẹ́, lẹ́yìn tí mo jẹ ume tán tí mo fọ̀ ọ́. Mi ò ní ohun míràn nínú ilé tó jẹ́ tiwọn.

Ẹ̀yin ni ẹ rí i pé ó jókòó, èmi wo ògiri. Èmi ni mo tún jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́. Tí mo bá wo ọwọ́ mi, ara mi ń bù máṣọ.

Ṣé kí n fi wọ́n ránṣẹ́ ní póòsì? Ṣé àlùfáà á gba lẹ́búlẹ́bú? Tí ẹ bá ní kí n má dé ilé mọ́, màá gbọ́.

Ọmọ yín,
Michiru


Minabe, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì

Michiru ọmọ mi,

Má fi ìyá rẹ ránṣẹ́ ní póòsì.

Òdòdó ume ti là ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè. Mo gba àárín wọn lọ sí tẹ́ńpìlì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àlùfáà, títí dórí àpò dúdú àti ajá. Ó wá ní, "Bàbá Michiru, gbogbo wọn ló ń di lẹ́búlẹ́bú nígbẹ̀yìn. Tirẹ̀ kàn yára ni." Ó máa gbà á. Ó ní inú ìgò ume náà kò burú, ṣùgbọ́n kí o fọ̀ ọ́ dáadáa nítorí iyọ̀.

Hatsue náà ti gbọ́. Ó ní, "Kó dé ná. Màá gbá a létí, lẹ́yìn náà màá se oúnjẹ fún un." Má bẹ̀rù rẹ̀. Ó ti ń béèrè ohun tó o máa ń jẹ lọ́hùn-ún.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ó pè mí ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ó tún pè ní agogo mẹ́wàá. Mo gbọ́ ìpè méjèèjì. Ní ìgbà kejì ó ní kí n máa bọ̀ kíákíá, pé kò ní pẹ́ mọ́. Mo wo inú ààrò, ìdajì èédú ṣì wà níbẹ̀. Mo ní màá kó ìyókù ná.

Láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré ni mo ti ń sọ fún ẹ̀yin méjèèjì pé èédú tó ti gba atẹ́gùn kò ṣeé fi sílẹ̀. Irọ́ ni. Ó ṣeé fi sílẹ̀. Eérú ló kàn máa dà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á sì ṣòfò. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí gbogbo asunèédú tó wà lórí òkè yìí, kò sẹ́ni tó kú sí i. Yàrá ilé ìwòsàn yẹn ni mo ń sá fún. Òórùn rẹ̀. Bí ìyá rẹ ṣe kéré lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n wá wò. Nítorí náà mo dúró níbi tí mo ti mọ ohun tí mò ń ṣe, mò ń fa èédú jáde, mò ń bò ó mọ́lẹ̀, títí Hatsue fi pè.

Èédú ọjọ́ yẹn dára, Michiru. Mi ò tíì sun irú rẹ̀ rí. Ó ń dún bí agogo. Àwọn tó ń yan ẹja ní Osaka ń bẹ̀ mí fún un, mi ò lè tà á. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ohun tí wọ́n fi yan. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ààrò, mo sin gbogbo rẹ̀.

Ìwọ wo ògiri. Èmi wo ààrò. Mo bú ọ nítorí òrùka, ṣùgbọ́n ara mi ló ń kó mi nírìíra, mo sì ń wá ẹni tí màá dà á lé lórí. Ó bọ́ sórí Hatsue, ó bọ́ sórí rẹ. Dárí jì mí. Ìtìjú yìí, a jọ ní in. Mi ò ní jẹ́ kí o dá a gbé.

Nígbà tó o bá dé, èmi àti ìwọ la jọ máa dà á sínú ìkòkò kékeré. Tí o kò bá lè lo igi ìjẹun, mú ṣíbí rẹ wá. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àlùfáà, ó ní kò sí ohun tó burú nínú ṣíbí.

Kọ ọjọ́ tó o máa dé sí mi, àti wákàtí. Má gbé e sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù. Gbé e lé itan, máa bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní dáná sí ààrò lọ́sẹ̀ náà. Kí bàálù rẹ tó balẹ̀, màá ti wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Kiyomatsu